Bí mo ṣe kọ́ Jaekel House sínú kọ̀ǹpútà, àti kọ́tà tí bàbá mi àgbà ní kí n fi han òun

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá kọ eléyìí, iṣẹ́ ò jẹ́, ká má purọ́ ìmẹ́lẹ́ náà wà ńbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé géèmù bọ́ọ̀lù ò wù mí, ti ìbọn ò wù mí, tíréènì ni mò ń wà. Open Rails lorúkọ èyí tí mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń ka fáìlì tí wọ́n ṣe fún Microsoft Train Simulator tó jáde ní 2001, ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù tó ti darúgbó bíi tèmi fi lè gbé e. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ojú irin tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ti Amẹ́ríkà, ti ìlú Ọba, ti Jámánì ni. Mo wa tíréènì nínú yìnyín títí ó fi sú mi, èmi tó jẹ́ pé yìnyín tí mo mọ̀ ò ju ti inú fíríìsà lọ.

Mo ní ó dáa, màá ṣe tiwa. Ti Èkó sí Ìbàdàn, ojú irin àtijọ́ yẹn o, láti Ìdó gba Èbúté Mẹ́ta, Agége, Ìfọ̀, Láfẹ́nwá, Olókèméjì, Omi-Adió, títí dé Dùgbẹ̀. Nǹkan bíi 193 kìlómítà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé èèyàn kan ò lè dá a ṣe tán. Kọ́ńpáùn rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ilé tí mo sì kọ́kọ́ gbé dání ni Jaekel House.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Èkó, 1901 ló tó dé Ìbàdàn, ìyẹn ni pé àwọn ọ̀gá ti ní ilé tó tura tí wọ́n ń gba atẹ́gùn nínú ẹ̀ nígbà tí irin fúnra ẹ̀ ṣì wà nínú igbó. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi sọ ilé náà, ọ̀gá kan ní rélùwéè tó lò tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì lápá ìparí àwọn ọdún 1960. Ní 2010 àwọn ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù, àwọn fọ́tò àtijọ́ rélùwéè wà ńbẹ̀, láti àwọn ọdún 1940 títí wọ 1970. Àwọn fọ́tò yẹn wúlò fún mi ju ilé náà gan-an lọ, màá sọ ìdí ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ni ọdún. Ọdún wo ni tíréènì yín ń sáré? Èmi mú 1963, torí ọdún yẹn ni bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi, wọṣẹ́ rélùwéè. Tẹ́ ẹ bá ti mú ọdún, ẹ ti mú ìyà náà. Mo ṣí Google Earth kí n lè wo bí ilẹ̀ ṣe rí láti òkè, kí ni mo rí, ojú irin tuntun, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, pẹ̀lú ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson tó tóbi gbàgà. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ ní 1963. Gbogbo ẹ̀ ni mo ní láti fojú inú pa rẹ́, kí n máa wá ojú irin àtijọ́ lábẹ́ wọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Tí ẹ bá fẹ́ dá àwọn méjèèjì mọ̀, ti àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, 1067 mìlímítà ló wà láàárín irin kan sí èkejì, ti tuntun jẹ́ 1435. 1067 yìí, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, torí òun ni rúlà yín. Fọ́tò àtijọ́ èyíkéyìí tí irin bá ti hàn nínú ẹ̀, ẹ ti mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó nìyẹn, ẹ kàn máa fi irin wọn ilẹ̀kùn ni, ẹ fi ilẹ̀kùn wọn ilé.

Lílọ wọn ilé náà fúnra ẹ̀, oṣù keje ni mo mú un sí, mo dẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà òjò tí ojú ọ̀run bá ṣú láìrọ̀, òòrùn kì í sí, òjìji ò ní sí lára ògiri, fọ́tò yín á mọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo lọ nígbà ọyẹ́, òjìji igi dùbúlẹ̀ sára gbogbo ògiri, mo délé mo rí i pé mi ò lè lo ìkankan. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní mo lè ya fọ́tò ṣùgbọ́n kí n má lọ máa fi tépù kan ara ilé káàkiri. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ o, ilé tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Mo wá gé ọ̀pá mítà méjì, mo fi ọ̀dà pupa àti funfun kun ún, ìdajì mítà ìdajì mítà, ni mo bá ní kí ọ̀rẹ́ mi kan dì í mú kó dúró síwájú ilé. Ó dúró níbí, mo yà á, ó dúró lọ́hùn-ún, mo yà á, nígbà tó yá ó ní ṣé òun ni egúngún tí wọ́n ń mú kiri ni. Mo ra súyà fún un. Ẹ jìnnà sí ilé kẹ́ ẹ tó yà á o, kẹ́ ẹ wá fi kámẹ́rà fà á mọ́ra, torí tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, òkè ilé á máa ṣẹ́rí sẹ́yìn, ògiri ò ní dúró gbọọrọ mọ́.

Tó bá dọ̀rọ̀ kíkọ́ ilé, Blender ni mo fi ṣe é, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ní ìbú, òró àti ìjìnlẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ mú àpótí kan, ẹ máa fà á, ẹ máa gé e, kò sí idán kankan níbẹ̀ jàre, káfíńtà tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi pákó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù á mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó fìyà jẹ mí ni pé mo kọ gbogbo ìwọ̀n mi sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, torí bẹ́ẹ̀ làwọn bíríkìlà wa ṣe ń sọ ọ́, kọ̀ǹpútà dẹ̀ ń ka mítà. Ibi tí mo kọ 40 sí, ẹsẹ̀ bàtà 40 ni mo ní lọ́kàn, òun kà á sí mítà 40. Mo gbé ilé lọ síbi ojú irin pẹ̀lú ìdùnnú, mo wa tíréènì wọlé, àfi bí ìgbà tí ekòló ń kọjá lábẹ́ Cocoa House. Ó fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún fẹ́ sunkún.

Ọ̀rọ̀ wíńdò ló tún kàn. Èmi tí mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ iṣẹ́, mo lọ kọ́ pákó pẹlẹbẹ inú wíńdò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀, wíńdò lẹ́yìn wíńdò, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo kà á, ilé kan ṣoṣo ti ní onígun mẹ́ta tó lé ní 61,000. (Onígun mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa ń gé gbogbo nǹkan sí, bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.) Fáànù láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tíréènì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà nínú tíréènì tó ń kọjá lọ máa rí ilé yìí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Mo pa gbogbo pákó yẹn rẹ́, ó dùn mí o, mo lẹ fọ́tò wíńdò pẹrẹsẹ síbẹ̀. Ó bọ́ sí bíi 4,200. Òfin tí mo wá ṣe fún ara mi nìyí, ohunkóhun tí kò bá yọ síta tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, fọ́tò ni, mi ò kọ́ ọ. Etí òrùlé tó yọ síta, kọ́ ọ. Òpó, kọ́ ọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́ ọ kó jìn wọlé dáadáa, torí òkùnkùn abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí èèyàn rí ilé náà lọ́ọ̀ọ́kán kó mọ̀ ọ́n. Mo yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ilé wá dà bíi páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Fọ́tò tá a máa fi wọ ilé láṣọ, inú GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo ti tún wọn ṣe, mo na àwọn tó wọ́, mo nu wáyà iná àti mọ́tò tó páàkì kúrò. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, kó jẹ́ píksẹ́lì 1024 lọ́nà 1024 tàbí 2048 lọ́nà 2048, ẹ má ṣe é ní ìwọ̀n tó bá kàn wù yín, kẹ́ ẹ sì fi pamọ́ bíi DDS, irú fáìlì àwòrán tí géèmù máa ń lò. Mo ti ṣe é rí kí ògiri lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀, ó máa ń fa géèmù sẹ́yìn. Àwọ̀ sì rèé, ẹ má fi àwọ̀ òní sí i. Ilé tí wọ́n tún ṣe ní 2010, ọ̀dà ẹ̀ ń dán. Fọ́tò inú mùsíọ́ọ̀mù ni mo fi wo bí ògiri rélùwéè ṣe máa ń rí nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, dúdú àti funfun ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí òjò ti ṣàn, ibi tó ti dọ̀tí nísàlẹ̀ ògiri, ó hàn ketekete.

Yàtọ̀ síyẹn, ẹ ṣe ilé kan náà lọ́nà mẹ́ta, ọ̀kan fún ìtòsí, ọ̀kan fún iwájú díẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ àpótí pẹ̀lú òrùlé lásán, géèmù á máa pààrọ̀ wọn fúnra ẹ̀ bí tíréènì bá ṣe ń sún mọ́ ọn. Ibi tí iná ti lọ mọ́ mi lórí nìyí tí mi ò tíì fi iṣẹ́ pamọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, wákàtí méjì wọmi. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ di fáìlì .s, irú èyí tí géèmù máa ń ka ilé látinú ẹ̀, pẹ̀lú .sd tó máa ń tẹ̀ lé e, TSRE, ètò tí wọ́n fi ń to ojú irin inú géèmù, lẹ ó fi gbé e sórí ilẹ̀. Ẹ rí i dájú pé àárín ilé lẹ fi ojú ìwọ̀n sí (ojú ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gbé ilé kalẹ̀, tó sì fi ń yí i), nísàlẹ̀ ògiri. Tèmi wà ní igun kan, gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí ilé yí ojú díẹ̀, á gbéra lọ dúró sórí irin. Ilẹ̀ inú géèmù kì í tẹ́jú náà, apá kan ilé mi fò sókè tí èèyàn lè rí ojú ọ̀run lábẹ́ ẹ̀. Ojútùú ẹ̀ ò le, ẹ fa fọ́ńdéṣọ̀n lọ sílẹ̀ ní mítà kan sí i, kó rì wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Jaekel House dá dúró, ó wá ku àwọn kọ́tà òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà láyìíká. Èyí ò gbà mí ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Mo kọ́ ẹyọ kan, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo yọ ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò kí iṣẹ́ lè fúyẹ́, ṣebí tíréènì ò ní gba ẹ̀yìn kọjá, mo wá da ẹyọ yẹn kọ sí ọ̀nà méjìdínlógún.

Ni mo bá gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá bàbá mi àgbà. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin, ojú ń ṣe wọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ṣì pé. Mo wa tíréènì wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo dúró síwájú Jaekel House, mò ń retí oríyìn. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ẹn, ó jọ ọ́." Kò tán síbẹ̀, àbí ó tán síbẹ̀? Ó tán síbẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kọ́tà wa ńkọ́?"

Mo fi ìlà kọ́tà hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Gbà mí gba ẹ̀yìn." Mo ní, bàbá, tíréènì kì í gba ẹ̀yìn. Wọ́n ní ta ló ń sọ ti tíréènì. Kámẹ́rà Open Rails lè rìn lọ síbi tó bá wù ú, kí ni mo fẹ́ sọ, mo gbé e yípo. Ògiri tí ò lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá wò ó látinú, kò sí níbẹ̀ rárá ni, ojú yín á là á kọjá bọ́ sí ìta. Bàbá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n bọ́ awò, wọ́n tún un wọ̀.

"Ṣé iná ló jó o ni?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè wí. Wọ́n ní kí n mú kàlẹ́ńdà àtẹ̀yìnwá kan wá, wọ́n yí i síwájú sẹ́yìn, wọ́n fi báírò yà á. Ẹ̀yìn ni gbogbo nǹkan wà, ẹ̀yìn ni ilé ìdáná, òun nìkan dá dúró kí èéfín má bàa wọ yàrá, páànù mẹ́jọ ló bò ó. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ omi tí ìdílé mẹ́fà ń tò sí. Ẹ̀yìn làwọn ìyàwó ń sá aṣọ sí, tí èéfín ẹ́ńjìnnì á sì kùn ún dúdú tí ìjà á bẹ́. Iwájú tí mo lo ìrọ̀lẹ́ kan fún yẹn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ wọlé àfi àlejò àti agbowó-orí.

Páànù mẹ́jọ yẹn ni mo fi rí ìwọ̀n ilé ìdáná, torí páànù àtijọ́, láti ìgbì kan sí èkejì, íǹṣì mẹ́ta ni, mo ka ìgbì ara páànù kan, mo ṣírò ẹ̀. Kò sí fọ́tò ibẹ̀ kankan, ẹnu bàbá ni mò ń gbọ́ tí mo fi ń kọ́ ọ. Oṣù kan àti ààbọ̀ ló gbà mí, ó ju èyí tí mo lò lórí Jaekel House lọ. Mo ti gbé e lọ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjú síbi tí kò yẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ omi jìnnà jù, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ìyá wa máa rù ú títí dé Yábàá ni. Èyí tí mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wò ó pẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn na ìka sí igi máńgòrò.

"Sún un sọ́wọ́ ọ̀tún. Sún un díẹ̀ sí i. Ó tó, ó tó. Ibẹ̀ ni bẹ́ǹṣì wà."

Mo ń kọ́ bẹ́ǹṣì lọ́wọ́.