Ẹ Yọ Àpò Kúrò Lára Ògiri: Ìtọ́sọ́nà lórí Títún Yàrá Abẹ́ Ilé Ṣe fún Ìpamọ́ Oúnjẹ

A kọ ìwé yìí fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìdílé tí ilé wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, bí ó ti rí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Òkè-Mẹ̀sí, ní Ìkéré àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Adó-Èkìtì, níbi tí ẹni tó ń kọ́lé ti ní láti gbẹ́ ara òkè kí ilé tó lè jókòó dọ́gba, tí àyè kan sì máa ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ tí a fi ń ṣe yàrá. Àwọn kan ń pè é ní àjà ilẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní ìsàlẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń fi í ṣe: ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ lò lónìí sí. A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń ya àgbàdo tàbí bí a ti ń sá ẹ̀wà, nítorí ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Ẹ ń to àpò oúnjẹ sórí ilẹ̀ lásán, ẹ sì ń fi í ti ògiri ẹ̀yìn.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, a wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ kan tí onílé ti to àpò àgbàdo 14 sí, oníkílò 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìparí oṣù Ògún. Nígbà tí a fa àpò àkọ́kọ́ ní oṣù Ọ̀wàrà, ìdí rẹ̀ já sílẹ̀. Àpò 9 ti bu. Àwọn 5 tó kù ni èyí tó wà láàárín àti lókè, tí ara wọn kò kan ilẹ̀, tí kò sì kan ògiri. Ojú oòrùn kan náà ni wọ́n ti sá gbogbo wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó wọn wọlé. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sí nìkan ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ta àpò fún un ni onílé ń bú. Ó tún ní òun yóò ṣa èyí tó dúdú kúrò, òun yóò sì lọ ìyókù fún adìẹ. Ẹ má ṣe dán an wò. Oró tí irú bíbu bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ nínú àgbàdo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin, kì í kú lórí iná, ojú kì í sì í rí i. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti adìẹ ni ó ń bá jà.

Ibi tí omi ti ń wá

Ògiri ẹ̀yìn yàrá abẹ́ ilé kò dà bí ògiri yàrá òkè, nítorí erùpẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi òjò tí òkè ti mu ń gba inú búlọ́ọ̀kù yọ díẹ̀díẹ̀, àpò tó bá fara tì í yóò sì fà á mu. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn sí i láti inú kò lè dá a dúró. Bí ó pẹ́ bí ó yá, yóò wú, yóò sì ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ yàrá náà wò. Ẹ gé ọ̀rá tó nípọn ní ọ̀nà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 ní òòró àti 45 ní ìbú. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀, ẹ lẹ èkejì mọ́ ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi tépù dí etí wọn yíká kí atẹ́gùn má ráyè wọ abẹ́ wọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí abẹ́ ọ̀rá bá làágùn, láti inú ilẹ̀ tàbí láti ẹ̀yìn ògiri ni omi ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tí ó kọ sí yín ni ó tutù, atẹ́gùn ni ó gbé omi wọlé, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ní àsìkò òjò, agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn bá ràn nìkan ni kí ẹ máa ṣí fèrèsé yàrá yìí. Ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn òjò pé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ẹrù òun ń pe ọ̀rinrin wọlé ni.

Iṣẹ́ ìta ló ṣáájú tinú. Òjò mìlímítà 20 tó bá rọ̀ sórí òrùlé oní-mítà 10 sí 10 yóò da lítà omi 2,000 sílẹ̀. Bí kò bá sí gọ́tà, ìdí ògiri ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ yóò dà sí. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá sí apá òkè ilé, kí ó jìnnà sí ògiri ní mítà 1, kí ó jin ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì da orí kọ ẹ̀gbẹ́ ilé, kì í ṣe ilé aládùúgbò.

Kíkó ẹrù jáde

Àárín ìparí oṣù Bélú sí ìdajì oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ó dára jù, nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé. Ẹ kó gbogbo ẹrù jáde títí ẹ ó fi rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ń ti ẹrù láti igun kan sí èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀. A mọ ohun tí ẹ óò bá níbẹ̀, nítorí pé ohun kan náà ni a ń bá ní gbogbo ilé: fáànù tí kò yí mọ́, táyà ọkọ̀ tí a ti tà, páànù ògbólógbòó, kúlà tí kò ní ìdérí, àti àwọn ike àti abọ́ tí wọ́n pín níbi ìnáwó, tí àwòrán olóògbé ṣì wà lára wọn. A kò ní kí ẹ da àwòrán olóògbé nù. Ohun tí a ń sọ ni pé abọ́ 60 tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí ni ó gba àárín yàrá, tí àpò ẹ̀wà fi lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tí à ń sọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn láti ìkórè méjì sẹ́yìn, ẹ tà á, tàbí kí ẹ fún ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ má ṣe gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ. Àrùn Lassa ń bẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ènìyàn ti ń kó o, eruku tó bá sì gbọ̀n dìde lè gbé e wọ imú. Ẹ da ife Hypo 1 pọ̀ mọ́ ife omi 9, ẹ wọ́n ọn sílẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi aṣọ àlòkù kó o pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò tí ìka lè wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí yàrá gbẹ fún ọjọ́ 2.

Pèpéle

A ó fi yàrá oní-ẹsẹ̀-bàtà 12 sí 12, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mítà 3.6 sí 3.6, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 45 láti ara ògiri yíká gbogbo yàrá, kí ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ kọjá ìlà náà lọ sí ìhà ògiri. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 60 ṣe ọ̀nà láàárín. Èyí tó kù yóò gba pèpéle 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2.7, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Fún pèpéle kan, ẹ ra búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì-6 mẹ́wàá, kí ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ kí wọ́n lè ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ní ẹsẹ̀ 5, méjì méjì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àárín ẹsẹ̀ kan sì jìnnà sí àárín èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ tẹ́ pákó 3 tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 lé e, kí àyè tó tó àtàǹpàkò wà láàárín wọn. Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kun pákó náà nítorí ikán. Oúnjẹ ni yóò sùn sórí rẹ̀.

Àpò 4 ni yóò dùbúlẹ̀ sórí pèpéle kan, ẹ sì lè tò ó dé ìpele 4, èyí ni àpò 16. Pèpéle méjèèjì yóò gba 32. Bí àpò yín bá ju 32 lọ, ẹ wá yàrá mìíràn fún ìyókù. Ẹ má ṣe fi í ti ògiri “fún ọjọ́ díẹ̀ péré”. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ díẹ̀ náà kì í sì í tó oṣù 3.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé sẹ̀ǹtímítà 45 yìí ń fi àyè ṣòfò. Àpò 9 tí a dà sí ààtàn ńkọ́? Ẹ fẹ́ kí ènìyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lẹ́yìn pèpéle pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ó rí ibi tí ògiri ti tutù, kí ológbò náà sì ríbi gbà. Bí ènìyàn kò bá lè kọjá níbẹ̀, pèpéle náà kò tíì wúlò.

Ohun tí kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ sùn

Oògùn koríko, oògùn apakòkòrò àti páǹpù tí ẹ fi ń fọ́n wọn kò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí rárá, ì báà jẹ́ pé ẹ dé wọn pinpin. Ẹ kan àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún wọn síta, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ajílẹ̀ náà ń fa omi láti inú atẹ́gùn, ó sì ń jẹ páànù. Ẹ wá ibòmíràn fún un. Ní ti Sniper, NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé kí a má fi í sínú ẹ̀wà, wọ́n sì fòfin de ìgò kékeré oní-mìlílítà 100 ní ọdún 2019, síbẹ̀ a ṣì ń bá a lórí àpò. Ẹni tó bá wọ́n ọn sórí ẹ̀wà tí yóò tà fún ẹlòmíràn mọ ohun tí òun ń ṣe.

Èéfín pẹtiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń kóra jọ sí, iná ìṣáná kan ṣoṣo sì tó o. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí a tàn nínú yàrá abẹ́ ilé a máa pa àwọn tó ń sùn lókè, èéfín rẹ̀ tó ń pani kò sì ní òórùn.

Ní ti iṣu, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ará Èkìtì kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìtọ́jú iṣu. Iṣu ń mí, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àká. Èyí tí ẹ fẹ́ gún láàárín ọ̀sẹ̀ 2 lè wà nítòsí ilẹ̀kùn, ní ìpele kan ṣoṣo.

Kí àpò tó gun pèpéle

Pèpéle kò lè gba àgbàdo tí kò gbẹ là. Ẹ wá ìgò tó gbẹ dáadáa, ẹ bu àgbàdo sí i dé ìdámẹ́rin, ẹ fi ṣíbí ọbẹ̀ 3 iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi tó wà nínú àgbàdo náà ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ẹ kó o padà sójú oòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì sá a fún ọjọ́ 1 sí i, nítorí ìdá 13 ni a ń wá. Ẹ̀wà àti àgbàdo tó gbẹ bẹ́ẹ̀ lè wọ inú àpò PICS, èyí tó ní ọ̀rá 2 nínú àpò ìta. Ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ so ó le. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú nítorí kò ní rí atẹ́gùn mí, ẹ kò sì ní nílò oògùn kankan. Ihò kan ṣoṣo tí eku bá lu ti ba àpò náà jẹ́.

Ẹ kọ oṣù tí àpò wọlé sí ara rẹ̀, kí ẹ máa kọ́kọ́ jẹ èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ 14, ẹ gba ẹ̀yìn pèpéle kọjá, kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún, ẹ tún lẹ ọ̀rá méjèèjì náà mọ́ ilẹ̀ àti ògiri fún wákàtí 24. Ojú àgbàrá tó mọ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ lè ti dí kí oṣù Igbe tó dé.