Ẹ má kán epo sórí òkúta ìpọ́nbẹ tó ń lo omi

Àgbà káfíńtà kì í pọ́n ṣísẹ́lì láì kọ́kọ́ kán epo sórí òkúta. Bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, òkúta tí wọ́n sì ń lò nígbà yẹn, epo ló bá a mu. Àmọ́ òkúta àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà báyìí, irú King, Naniwa àti Shapton tó ń ti Japan wá, omi ni tiwọn. Ẹni tó bá gbé àṣà epo lọ bá wọn ti ba òkúta olówó gọbọi jẹ́ kí ọ̀bẹ kan tó mú.

Bí òkúta olómi ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Hóró wínníwínní tó le gan-an ló ń jẹ irin. Wọ́n fi ohun kan lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ó le jù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe ń fa ọ̀bẹ lórí rẹ̀, hóró tó ti kú á ṣí kúrò, èyí tó mú lábẹ́ rẹ̀ á yọjú. Àwọn tó ṣí kúrò á pò mọ́ omi, á di ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́ tó dúdú díẹ̀. Iṣẹ́ ni ẹrẹ̀ yẹn ń bá yín ṣe o, ẹ má máa ṣàn án dànù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Epo ò ní jẹ́ kí èyíkéyìí nínú èyí ṣẹlẹ̀. Á wọ inú ihò òkúta, á jókòó síbẹ̀, á di èérún irin mọ́ ojú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí òkúta á fi máa dán, tí ọ̀bẹ á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn gan-an nìyí: wọ́n rò pé bí ó ṣe ń yọ̀ geere yẹn, ó ti ń mú. Ọ̀bẹ tó ń jẹ lórí òkúta, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n, etí yín á sì gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo ti wọ òkúta kan, pàápàá èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá kán omi díẹ̀ sí i. King á fà á mu lójú yín. Shapton kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, àmọ́ omi á tẹ́ lórí rẹ̀. Bí omi bá ká jọ roboto, tó ń yí kiri bí ìgbà tí òjò rọ̀ sórí ewé kókò, epo ti débẹ̀.

Òróró ilé ìdáná ló burú jù. Òróró sóyà á ki, á sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bó bá pẹ́. Epo pupa á dì nígbà ọyẹ́, á tún máa rùn. Òkúta elépo pàápàá ò fẹ́ wọn. Epo maṣíìnì ìránṣọ tó ṣàn, tó sì mọ́, ló yẹ ẹ́. Ti Norton India, tó jẹ́ irú òkúta elépo kan, ilé iṣẹ́ ti fi epo kún inú rẹ̀ kí ẹ tó rà á, nítorí náà omi kọ́ ni tirẹ̀. Òkúta eléérú olójú méjì tó pọ̀ lọ́jà lè gba omi tàbí epo, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá ti fi epo sí i, epo náà ni títí ayé.

Àwọn kan ń sá fún omi torí ìpẹtà. Ìpẹtà wà lóòótọ́ fún ọ̀bẹ tí kì í ṣe aláìpẹtà. Ẹ nù ún gbẹ ní kété tí ẹ bá pọ́n ọn tán, kí ẹ fi epo díẹ̀ pa ara ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, kì í ṣe òkúta.

Omi náà ní ìwọ̀n. King 1000 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí hóró rẹ̀ ṣe kúnná tó) fẹ́ rírẹ, ìṣẹ́jú 5 sí 10, títí omi á fi dẹ́kun híhó lára rẹ̀. Shapton ò fẹ́ rírẹ rárá, ẹ wọ́n omi sí i ni. Àwọn Naniwa kan wà tó máa ń sán bí wọ́n bá pẹ́ nínú omi. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti sá wọn gbẹ, ẹ má gbé wọn sí oòrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago, òkúta tútù tí omi inú rẹ̀ bá di yìnyín lè là sí méjì.

Bí epo bá ti kan òkúta yín, ẹ má sáré fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ó lè ba ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ jẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ sáńdípépà tó ń gba omi sórí gíláàsì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ha ojú òkúta náà títí tí ojú tuntun á fi yọ. Bí epo náà ò bá tíì jìn, ó ṣeé ṣe kí èyí gbà á là. Bí ẹ bá tún kán omi sí i tó ṣì ń ká jọ, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún àdá àti ọkọ́, kí ẹ kọ "EPO" gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e sínú omi kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù.