Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ya Evolution lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ owó mi

Pọ́n-ùn 65 ló wọgbó kí n tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rárá. Mo ní kí ilé ìtẹ̀wé kan tẹ Evolution fún mi, èyí tí Piet Mondrian, ayàwòrán ará Netherlands, yà ní 1911, tó wà ní Kunstmuseum, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Den Haag: obìnrin mẹ́ta níhòòhò, oníkálùkù lórí kánfáàsì tirẹ̀, ara wọn bí ẹni tí wọ́n rì sínú ìkòkò aró. Mẹ́ta tó dọ́gba ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ti gé ti àárín!

Bẹ́ẹ̀ ti àárín ló tóbi jù, sẹ̀ǹtímítà 183 sí 87.5, ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 178 sí 85. Mondrian wọ ẹgbẹ́ Theosophy, àwọn tó ń wá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀mí, ní 1909, jíjí ẹ̀mí ló sì ń yà: òsì la ti ń wò ó, ká bọ́ sí ọ̀tún, ká tó wá sí àárín. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ dijú, ti àárín lajú rekete. Ẹni tó jí gan-an lẹ gé kúrú!

Kánfáàsì rírà, ìlà fífà, dídín in kù sí ìdajì, ìyẹn ò gba àlàyé. Aró yẹn ló fojú mi rí màbo. Mo ra ultramarine, ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ aró, mo da òróró linseed sí i fàlàlà kó lè máa yọ̀. Oṣù kìíní ni, ní London, mo sì ti pa hítà nítorí owó iná. Ọjọ́ kẹta, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ọjọ́ kẹfà, ó ṣì ń lẹ̀. Ọjọ́ keje, sùúrù tán, mo ya òdòdó pupa sí ẹ̀gbẹ́ orí obìnrin apá òsì. Pupa wọnú aró. Ìyàwó mi yọjú, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló lu ìyá yìí?"

Mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Afẹ́fẹ́ ló ń mu kó tó le, òtútù sì ń fà á sẹ́yìn. Ká ní mo mọ̀ ni, acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni ǹ bá kọ́kọ́ fi ṣe ìsàlẹ̀, bí mo ṣe wá ṣe é nígbà kejì: kò ju wákàtí kan lọ tó fi gbẹ. Ọ̀dà olóròóró fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wá fi lé e lórí. Ẹ má da òróró sí i bí ẹni ń dín àkàrà.

Wọ́n ti wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Ti àárín fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ga ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Owó mi ò tíì padà wá.