Bí A Ṣe Lè Gba Ìrántí Àwọn Tó Kọ́ Ilé Àbújá Sílẹ̀

Ọdún 1976, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni òfin sọ Àbújá di olú-ìlú, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti lébìrà ló kọ́ ilé kí ìjọba tó kó dé láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Àgbàlagbà ni wọ́n báyìí. Ẹ tètè wá wọn lọ sí Nyanya tàbí Karu, lẹ́bàá Àbújá.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kí bàbá náà dáadáa, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó tan fóònù. Ẹ má bi í bí ayé ṣe rí nígbà náà, torí àdúrà nìkan ni yóò fi dá yín lóhùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ bi í: ta ló ń po kọnkéré, ibo ni wọ́n ti ń pọn omi, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ti gbẹ? Bí ó bá fi èékánná ha ògiri láti ṣàlàyé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí fóònù kò lè gbọ́ ìyẹn. Bí kò bá rántí ọdún, ẹ bi í ta ló ń ṣe olórí ìjọba. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí wọn kò san, ẹ má gbé e jáde láìgba àṣẹ rẹ̀.