Ẹ Yéé Fi Owó Iná Ra Omi: Àṣìṣe Àwọn Tó Fẹ́ Fi Èédú Sílẹ̀ Nídìí Sìmẹ́ǹtì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan pè mí lórí fóònù. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti sanwó sólà tí yóò lé èédú kúrò nílé-iṣẹ́ òun pátápátá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kí ni sólà náà máa ṣe?" Ó ní yóò máa sun clinker, ìyẹn òkúta sísun tí a ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì. Mo dákẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi dúró ti kiln, ààrò ńlá tó ń yí tí a fi ń sun clinker, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, n kì í sì í bú ẹni tó bá jù mí lọ lójúkojú. Ẹ̀yin tí n kò rí lójúkojú ni kí n bú.

Ẹni tó ti fẹ́ náwó ni mo ń bá wí.

1. Ẹ ń da iná mànàmáná pọ̀ mọ́ ooru. Iná mànàmáná ló ń yí kiln, òun ló ń fẹ́ fáànù, òun ló ń lọ òkúta. Bíi kílówáàtì-wákàtí 100 ni tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì kan ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ló ń sun òkúta ẹfun àti amọ̀ títí wọn yóò fi gbóná dé 1,450 °C, ooru yìí sì tó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò. Sólà dára, yóò gbà yín lọ́wọ́ owó dísù. Kò kan èédú.

2. Ẹ rò pé èédú nìkan lẹlẹ́ṣẹ̀. Nínú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó ń jáde nídìí clinker, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti inú òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ fi gáàsì sun ún, ẹ fi igi sun ún, ẹ fi oòrùn ọ̀sán gangan sun ún, yóò ṣì jáde. Clinker gan-an ni kí ẹ dín kù nínú àpò. Amọ̀ funfun tí a sun ní nǹkan bí 800 °C, tí a pò mọ́ òkúta ẹfun tí a kàn lọ̀ lásán, lè gba ipò clinker títí dé bí ìdajì.

3. Ẹ ń wo ilé-iṣẹ́ irin ṣe àwòkọ́ṣe. Nínú ààrò irin, kì í ṣe ooru nìkan ni èédú ń ṣe. Òun náà ló ń já ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin. Ilé-iṣẹ́ irin Port Talbot ní Wales pa ààrò ńlá rẹ̀ tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024 kí wọ́n lè máa fi iná mànàmáná yọ́ irin kọ̀ǹdẹ́ḿù. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ irin Aladja, nítòsí Warri níbí, gáàsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin ní 1982, wọn ò fi èédú ṣe é. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń ta kọ̀ǹdẹ́ḿù sìmẹ́ǹtì fún mi.

4. Ẹ kọ́kọ́ dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé kí ẹ tó ra ohunkóhun.

5. Ẹ rò pé kí a kàn yí fáàfù gáàsì, ó ti parí. Eérú èédú ń wọ inú clinker lọ, ó wà nínú ohun tí láàbù ń ṣírò. Bí èédú bá lọ, eérú náà bá a lọ, ẹ gbọ́dọ̀ tún àpòpọ̀ òkúta yín ṣe. Iná gáàsì kì í sì í mọ́lẹ̀ yòò bíi ti èédú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a yí sí gáàsì, mo yọjú wo inú kiln, mo rí i pé ó ṣókùnkùn, mo pariwo pé iná ń kú lọ, mo sì ní kí wọ́n fi kún un. Iná kò kú. Bíríkì inú kiln ló kú. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a fi tún un tò.

Ẹ sì ní ohun mìíràn nílẹ̀ yàtọ̀ sí gáàsì. Ní 2016, nígbà tí wọ́n ń fọ́ páìpù gáàsì ní Niger Delta, àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan sá wá sídìí èédú ni.

Ó wá ku èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn: èèpo èkùrọ́ tí ẹ ń rà láti sun dípò èédú.

Ohun rere ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ mọ̀ ọ́n, èédú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá, wọn kì í sì í jẹ́ kí òjò pa á. Àwa tí a lọ sí yunifásítì ni òjò ń pa tiwa. Wọ́n ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Lójú tèmi, omi ni alábàákú èkùrọ́.

Ẹ bá mi ṣírò. Típà kan kó tọ́ọ̀nù 30 wá. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tọ́ọ̀nù 3 ni omi. Bó bá jẹ́ 25, tọ́ọ̀nù 7.5 ni. Tọ́ọ̀nù omi mẹ́rin ààbọ̀ ni ẹ ti fi owó iná rà, lórí típà kan ṣoṣo. Ooru tí ẹ pàdánù tó gigajúùlù 90, bẹ́ẹ̀ kiln ìgbàlódé kò nílò ju díẹ̀ lé ní 3 lọ láti sun tọ́ọ̀nù clinker kan. Omi náà kò sì ní jókòó jẹ́ẹ́: yóò di ooru omi, yóò kún ọ̀nà èéfín, fáànù ńlá tó ń fa èéfín yóò sáré títí kò ní lè sáré mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ máa dín òkúta tí ẹ ń bọ́ kiln kù, tí ẹ ó sì máa sọ pé èèpo èkùrọ́ kò níná nínú.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo rà á. Oṣù Kẹfà ni, òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn típà dé pẹ̀lú tapólì lórí, mo fọwọ́ kan òkè rẹ̀, ó gbẹ kárakára, mo bu ọwọ́ lù ú. Ìwọ̀n ọkọ̀ ní tọ́ọ̀nù 30, mo ní ó tọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ mi jáde tòun ti omi. Òkè nìkan ni wọ́n sá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Mẹ́rúwà. Wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Àárín ọkọ̀ ni kí ẹ ti bu èyí tí ẹ máa yẹ̀ wò, kì í ṣe òkè. Ẹ wọn kílò kan, ẹ gbé e sínú ààrò láàbù ní 105 °C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní já wálẹ̀ mọ́, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí omi bá ṣe ń lọ sókè lowó á máa wálẹ̀. Ẹni tó bá bínú sí ìyẹn, omi ló fẹ́ tà. Kí ẹ sì kọ́ òrùlé sórí òkìtì náà, kí ẹ má tò ó ga jù. Bó bá pẹ́ lójú kan pẹ̀lú ọ̀rinrin, ó lè fúnra rẹ̀ gbóná títí iná fi máa sọ.

N kò rántí nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Táyà: ó ṣeé sun nínú kiln, wáyà inú rẹ̀ á wúlò fún irin tí clinker ń fẹ́. Ike tó ní PVC: rárá, klórín inú rẹ̀ á mú kí nǹkan lẹ̀ mọ́ inú kiln bí èèpá ẹ̀kọ ní ìdí ìkòkò, ẹ̀yin ni ẹ ó sì dúró wà á kúrò.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni ọ̀gá olósólà yẹn tún pè. Ó ní òun ti gbọ́ tèmi, sólà á máa tan iná ọ́fíìsì, òun ti wá sanwó típà èèpo èkùrọ́ mẹ́wàá, ẹni tó tà á sì ti búra pé ó gbẹ. Mo bi í bóyá wọ́n wọn omi inú rẹ̀. Ó ní òun fojú wò ó.