Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀fọn Dán Àwọ̀n Olóògùn Wò

Ojú lásán kò lè rí oògùn tó kù lára àwọ̀n, òórùn rẹ̀ kò sì tó ẹ̀rí. Ẹ̀fọn gan-an ni a fi ń dán an wò, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀.

Oríṣi ẹ̀fọn méjì ni kí ẹ wá. Èkíní ni Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Kisumu, tí wọ́n ń sìn ní yàrá ìwádìí, tí oògùn sì tètè ń pa. Èkejì ni ti àdúgbò yín, tí ẹ ó kó ní tanwíjí láti inú omi adágún, tí ẹ ó tọ́ títí yóò fi máa fò. Bí ti Kisumu bá kú tí ti àdúgbò kò kú, oògùn ṣì wà lára àwọ̀n, àmọ́ agbára rẹ̀ kò ká ẹ̀fọn yín mọ́. Abo ọlọ́jọ́ 3 sí 5 tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ẹ da ojú ike tó rí bí àrọ dé orí àwọ̀n náà, kí ẹ fi ẹ̀fọn 5 sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 péré. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n sínú ife, nítorí ẹ̀fọn tí ìka bá tẹ̀ yóò kú láìjẹ́ pé oògùn ló pa á. Kí ẹ gbé òwú tó mu omi ṣúgà lé ẹnu ife náà.

Ẹ ka àwọn tó ṣubú nígbà tí ìṣẹ́jú 60 bá pé, kí ẹ ka òkú nígbà tí wákàtí 24 bá pé. Mo ti rí ẹ̀fọn tó dùbúlẹ̀ gbalaja nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, tó sì ti dúró ṣánṣán lára ife nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Àwọ̀n yege bí 95 nínú 100 bá ṣubú, tàbí tí 80 bá kú. Ní tèmi, iye òkú ni mo máa ń gbára lé.

Ohun tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò ni àwọ̀n tí kò ní oògùn rárá: ẹ dán òun náà wò lọ́jọ́ kan náà. Bí òkú ibẹ̀ bá ju 20 nínú 100 lọ, ẹ da gbogbo àyẹ̀wò náà nù. Bí ó bá wà láàárín 5 sí 20, ẹ lo ìṣirò Abbott, èyí tó ń yọ ikú tí kì í ṣe oògùn ló fà á kúrò. Ká ní 80 kú lára olóògùn, tí 10 sì kú lára èkejì: ẹ yọ 10 kúrò nínú 80, ó ku 70, ẹ yọ 10 kúrò nínú 100, ó ku 90, 70 nínú 90 sì jẹ́ bíi 78 nínú 100. Àwọ̀n tó jọ pé ó yege ti kùnà ní ti iye òkú nìyẹn.

Èyí tó bá yege ní tuntun, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà 20, kí ẹ máa sá a síbòòji lẹ́yìn fífọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tún un dán wò.