Bí Mo Ṣe Tún Ètò Garawa Ìdọ̀tí Ṣe Nítorí Iná ní Ilé Ìwòsàn Wa

Nígbà tí wọ́n ní kí n yẹ ètò ààbò iná wò ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn garawa ìdọ̀tí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó ń tètè jó ló kún inú wọn: òwú, páálí, ìbọ̀wọ́, àti bébà tí wọ́n fi nu ọtí apakòkòrò. Irú ọtí ìfipawọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà pípò rẹ̀ lélẹ̀ lè ní ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ojúlówó ọtí tó ń jó, tó ìdá 80 nínú 100, oru rẹ̀ sì lè gbiná nínú yàrá tí kò gbóná rárá.

Mo kọ́kọ́ wo ibi tí garawa kọ̀ọ̀kan wà. Ní wọ́ọ̀dù kan, garawa ike ńlá tí kò ní ìdérí wà láàárín ibùsùn àti sílíńdà ọ́síjìn. Ọ́síjìn kì í jó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí ó sì ti wọ aṣọ ibùsùn, iná kékeré tó yẹ kó kú yóò ràn kíákíá. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ibẹ̀ ló súnmọ́ ọwọ́ wọn jù, ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n wá, nítorí náà a jọ wá àyè fún un lẹ́bàá ibi ìfọwọ́.

Garawa onírin tí ìdérí rẹ̀ ń padé fúnra rẹ̀ ni mo bèèrè fún. Bí iná bá ṣẹ́ nínú rẹ̀, ìdérí kò ní jẹ́ kí ó rí afẹ́fẹ́ tó, ṣùgbọ́n ike yóò yọ́, yóò ṣàn sílẹ̀, yóò sì tú èéfín dúdú sórí ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Owó rẹ̀ kò kárí gbogbo ilé, nítorí náà àwọn wọ́ọ̀dù tí a ti ń lo ọ́síjìn ló kọ́kọ́ gbà á.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú fóònù, ni mo gbà pé a ń fojú kéré jù, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ láàárín ìdọ̀tí, ó lè gbiná. A ya àpótí tirẹ̀ sọ́tọ̀, a sì ní kí wọ́n lẹ téèpù mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n tó jù ú síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo bá àwọn tó ń gbálẹ̀ jókòó. A fẹnu kò pé àpò tó bá kún kò gbọdọ̀ sun abẹ́ àtẹ̀gùn mọ́, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn máa gbà sá jáde. Kí wọ́n tó lọ ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò kó o lọ sí ilé ìkódọ̀tí tó jìnnà sí wọ́ọ̀dù, wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.